Ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n nìkan kò sọ ẹ̀rọ géèmù di háíbíríìdì

Àbúrò mi fi fọ́tò ẹ̀rọ géèmù tuntun rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ti ra háíbíríìdì o." Háíbíríìdì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ géèmù tó wà fún ilé, lórí tẹlifíṣọ̀n, tó sì tún wà fún òde, lọ́wọ́ èèyàn. Mo bá a yọ̀, mo sì ṣàdúrà pé kó lò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo pè é, a sì jọ jiyàn fún nǹkan bíi wákàtí kan, nítorí pé ohun tó rà dára, ó dára gan-an ni, àmọ́ kì í ṣe háíbíríìdì. Ẹ̀rọ àfọwọ́gbé ni, tó ní ihò tí èèyàn lè ki wáyà tẹlifíṣọ̀n bọ̀. Látọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

A ti ń lo ọ̀rọ̀ yẹn ní ìlòkulò. Ẹ̀rọ tó bá ti ní skíríìnì tirẹ̀, tó sì lè gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n, kíá, háíbíríìdì ni wọ́n á pè é. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lápò àwọn èèyàn náà háíbíríìdì ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Orúkọ tó bá bá gbogbo nǹkan mu, kò sọ nǹkan kan fúnni mọ́. Èmi máa ń pe ojúlówó rẹ̀ ní agbélé-gbóde. Ilé ni ilé rẹ̀, òde náà sì ni ilé rẹ̀. Kò sí ibi tó ti jẹ́ àlejò nínú méjèèjì.

Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n ní àdán ò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ó ní eyín bí eku, ó ní ìyẹ́ tó fi ń fò, síbẹ̀ kò rí ibì kankan jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nì. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ nínú odò kò ní sọ pé ó ṣìnà débẹ̀, ẹni tó bá sì rí i tó ń yáàrùn létí odò kò ní rò pé omi ló gbé e jù síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì, àdán ni wọ́n. Ọ̀nì inú wọn kò pọ̀ rárá.

Ẹ wo Sega Nomad, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé kan. Ọdún 1995 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Katíríìjì Genesis, ìyẹn ike tí géèmù wà nínú rẹ̀, tí àwọn èèyàn ti rà fún ẹ̀rọ Sega tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n wọn, òun náà gan-an ló ń lò. Ó ní skíríìnì tirẹ̀, ó ní ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó tún ní ihò tí ẹnìkejì lè so páàdì, ìyẹn ohun tí a fi ń darí géèmù lọ́wọ́, mọ́. Tí èèyàn bá ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, á béèrè pé kí ló tún kù. Ohun tó kù pọ̀. Bátìrì AA mẹ́fà ló ń lò, wọn kì í sì í pẹ́ ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ kí wọ́n tó kú. Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni pé tí o bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ni páàdì ẹni àkọ́kọ́. O jókòó sórí àga, o gbé odindi ẹ̀rọ dání, wáyà wá nà láti ọwọ́ rẹ dé ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkejì rẹ di páàdì rẹ̀ mú pẹ́ẹ́, ara tù ú. Ẹ̀rọ náà délé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ibi sinmi sí nílé.

PSP, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé Sony, ṣe ohun tó jọ ọ́. Èyí tí Sony gbé jáde ní 2007, tó fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, lè gbé géèmù sórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n àwòrán náà kì í kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Àlàfo dúdú ló máa ń yí i ká, nítorí pé skíríìnì kékeré ọwọ́ nìkan ni wọ́n ya géèmù náà fún. Ìwọ náà ṣì gbọ́dọ̀ di ẹ̀rọ mú pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Wọ́n kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un ni, wọn ò tẹ́ ẹní kankan dè é.

Wii U wá gba ọ̀nà kejì ṣìnà. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ Nintendo ṣe páàdì ńlá kan fún un tó ní skíríìnì ínṣì 6.2 láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ wo nǹkan mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n lè gba tẹlifíṣọ̀n, kí ìwọ sì máa bá géèmù rẹ lọ lórí páàdì. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn, mo sì gbádùn rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ inú àpótí tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ni géèmù ń gbé, afẹ́fẹ́ ló ń gbé àwòrán rẹ̀ wá bá ọ. Tí o bá gbé páàdì náà jìnnà, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já, títí á fi lọ pátápátá. Fèrèsé ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́, èèyàn kì í sì í gbé fèrèsé jáde nílé. Bákan náà ni PlayStation Portal nígbà tó jáde ní 2023. Skíríìnì rẹ̀ tó ínṣì 8, ó mọ́ kedere, àmọ́ inú PS5, ẹ̀rọ ìdí tẹlifíṣọ̀n Sony tí o fi sílẹ̀ nílé, ni géèmù wà. Ohun kan tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi nìyẹn nípa ẹ̀rọ èyíkéyìí: níbo ni géèmù náà ń gbé? Tí kò bá ti gbé nínú ohun tó wà lọ́wọ́ mi, kò tíì kan ọ̀rọ̀ agbélé-gbóde.

Nígbà tí Nintendo Switch jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2017, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé idán wà nínú dọ́ọ̀kì, ìyẹn àpótí ike tí wọ́n ń ti ẹ̀rọ náà bọ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní ibẹ̀ ni agbára tó kù wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ni dọ́ọ̀kì yẹn ń gbé fún ẹ̀rọ, ó sì ń gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo agbára wà nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí o lè fi ọwọ́ kan gbé. Nígbà tó bá ti mọ̀ pé òun ti dé ìdí iná, pé bátìrì ò ní tán, pé kò sí ọwọ́ èèyàn tí ooru máa jó, ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Fáànù rẹ̀ lè yí kíkankíkan, skíríìnì rẹ̀ á kú, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán á sì máa sáré ní megahertz (ìwọ̀n tí a fi ń ka eré ọpọlọ ẹ̀rọ) 768. Tí o bá fà á jáde, eré náà á wá sílẹ̀ sí 384, tàbí 307 nínú àwọn géèmù mìíràn. Ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín méjèèjì, o ò sì tẹ bọ́tìnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí àbúrò mi gbọ́. Ọpọlọ ẹ̀rọ yẹn ní ẹ̀yà méjì tó ṣe kókó. Ọ̀kan ń ya àwòrán, èkejì ń ronú. Èyí tó ń ronú ló ń ṣírò ibi tí ọ̀tá máa gbà yọ, bí òkúta ṣe máa yí wálẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí idà kan apata. Ẹ̀yà tó ń ronú yìí, eré kan náà ló ń sá nílé àti lóde, megahertz 1020. Nínú méjèèjì, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán nìkan ni wọ́n yí padà. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀! Skíríìnì ọwọ́ kò tóbi, piksẹli rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì tóótòtó tó para pọ̀ di àwòrán, kò pọ̀ tó ti tẹlifíṣọ̀n, torí náà iṣẹ́ ayàwòrán dín kù lóde, agbára rẹ̀ náà sì lè dín kù láìsí ẹni tí ojú máa ro. Ayé inú géèmù ní tirẹ̀ kò yí padà rárá. Nínú géèmù The Legend of Zelda: Breath of the Wild, 900p, ìyẹn ìlà piksẹli 900 látòkè délẹ̀, ni àwòrán tó ń jáde sórí tẹlifíṣọ̀n, 720p ni ti ọwọ́. Òkè kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí rẹ̀, ìṣòro gígun òkè náà nínú òjò yẹn kò dín kù bíńtín. Ohun tí o fi ń wò ó nìkan ló yí padà.

Èyí kì í ṣèèṣì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti mọ̀ ọ́n kó tó da ìpìlẹ̀. Ní 2013, nígbà tí Satoru Iwata ṣì jẹ́ ààrẹ Nintendo, wọ́n da ẹ̀ka tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdí tẹlifíṣọ̀n pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tó ń ṣe ẹ̀rọ àfọwọ́gbé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wo méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ilé-iṣẹ́ yẹn tán, á ra Wii U fún ilé, á ra 3DS fún òde, á sì tún ra géèmù lẹ́ẹ̀mejì. Iwata kú ní 2015, kò rí i bí ọmọ náà ṣe jáde. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń ti ẹ̀rọ mi bọ inú dọ́ọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà ṣe pàtàkì. Páàdì Switch ń yọ kúrò lára rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nílé, o yọ ọ́, ẹ̀rọ dúró sí àyè rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, ìwọ jókòó síbi tó wù ọ́. Lóde, o tún lè yọ ọ́, kí o fi ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ gbé e dúró lórí tábìlì, kí o fún ẹnìkejì ní ẹyọ kan, kí ẹ sì jọ ṣeré. Ohun tí Nomad kò rí ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kókó jù, tí àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ gbọ́, ni pé ẹ̀rọ nìkan kò lè sọ ara rẹ̀ di agbélé-gbóde. Géèmù ló máa ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń ṣe géèmù fún Switch mọ̀ pé ẹni kan máa wò ó láti orí àga tó jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, ẹlòmíràn máa wò ó ní skíríìnì ínṣì 6.2 tó gbé sún mọ́ ojú. Àwọn méjèèjì ló sanwó. Ó gbọ́dọ̀ dán an wò fún méjèèjì kó tó gbé e jáde. Nígbà tí ẹni náà bá ṣe ojúṣe rẹ̀, èèyàn kì í tiẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ kankan wáyé. Nígbà tí kò bá ṣe é, ojú olówó á rí màbo. Mo ra géèmù kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìtàn inú rẹ̀ dùn lórí tẹlifíṣọ̀n débi pé mi ò fẹ́ dìde. Mo gbé e jáde lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo gbé ẹ̀rọ dé imú, mo tún jù ú sẹ́yìn, mi ò rí nǹkan kan kà. Ẹ̀rọ mi jẹ́ agbélé-gbóde lọ́jọ́ yẹn, géèmù mi ò jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì já sí asán.

Nintendo fúnra wọn kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Super Mario Party, tó jáde ní 2018, kò gbà kí èèyàn fi páàdì tó ṣì wà lára ẹ̀rọ ṣeré. O gbọ́dọ̀ yọ páàdì náà dání. Mo mọ ìdí rẹ̀, eré àwọn púpọ̀ ni. Síbẹ̀ ó dùn mí pé àwọn tó dá àṣà náà sílẹ̀ ló kọ́kọ́ rú u. Àwọn náà ló tún ṣe Switch Lite ní 2019, skíríìnì ínṣì 5.5, páàdì tí kì í yọ, kò sì lè gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n rárá. Ẹ̀rọ tó fúyẹ́, tó rẹwà ni, mo sì lè ní kí ẹnikẹ́ni tí kò bìkítà nípa tẹlifíṣọ̀n rà á. Àmọ́ agbélé-gbóde kọ́, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí irú ẹ̀rọ tí àbúrò mi rà. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, Steam Deck tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni aṣáájú wọn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n nínú aṣọ ẹ̀rọ géèmù. Wọ́n lágbára, géèmù tó wà fún wọn kò lóǹkà. Dọ́ọ̀kì wà fún Steam Deck náà, Valve, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, gbé e jáde lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé Steam Deck sórí dọ́ọ̀kì, agbára rẹ̀ kì í lọ sókè. Iná watt 15 tó jẹ́ òpin ohun tí ọpọlọ rẹ̀ lè lò lọ́wọ́ rẹ náà ni òpin rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n tóbi ju skíríìnì rẹ̀ lọ fíìfíì. Ó kù sí ọ lọ́wọ́ láti wọ inú géèmù, kí o dín èyí kù, kí o fi kún tọ̀hún, títí yóò fi gún. Tí o bá tún fẹ́ jáde, o lè ní láti dá gbogbo rẹ̀ padà. Èrò ẹni tó ni ín ló ń so ilé pọ̀ mọ́ òde, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Àbúrò mi ò gbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tèmi lágbára ju tiyín lọ." Òótọ́ ni, àmọ́ a ò sọ̀rọ̀ agbára. Ó ní òun lè bẹ̀rẹ̀ géèmù lórí kọ̀ǹpútà ńlá òun, kí íntánẹ́ẹ̀tì gbé ibi tí òun bá a dé wá sórí èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Mo ní ìyẹn náà dára, àmọ́ ilé méjì ló ní, ìwé kan ló ń gbé kiri láàárín wọn. Ó wá sọ ohun kan tí mi ò rí fèsì sí lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn mìíràn wà nínú ìran ẹ̀rọ òun, bíi ROG Ally, tí wọ́n máa ń fi kún agbára wọn fúnra wọn tí iná bá ti wọ̀ wọ́n lára. Mo ronú lé e títí di òru. Ó jàre díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn yẹn ti ń sún mọ́ ọn, mo sì gbà pé lọ́jọ́ kan wọ́n lè dé ibẹ̀. Ohun tó kù fún wọn ni pé ẹni tó ṣe géèmù kọ̀ǹpútà kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú ilé àti òde. Valve máa ń yẹ géèmù wò láti mọ̀ bóyá lẹ́tà rẹ̀ ṣeé kà lórí Deck, bóyá páàdì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gbóríyìn fún wọn. Ó kàn jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń yẹ géèmù wò lẹ́yìn tí wọ́n ti sè é tán, kì í ṣe alásè ló ń tọ́ ọ wò nídìí ààrò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀yìn Nintendo ni mo wà lójú méjèèjì. Switch 2, tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ń kọ mí lóminú díẹ̀. Dọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ní fáànù tirẹ̀ báyìí, ó lè gbé 4K, ìyẹn àwòrán tí piksẹli rẹ̀ pọ̀ gan-an, sórí tẹlifíṣọ̀n. Ayẹyẹ ńlá ni fún ilé. Lóde ńkọ́? Skíríìnì rẹ̀ ti di ínṣì 7.9, ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, Nintendo fúnra wọn sì ní bátìrì rẹ̀ á lo nǹkan bíi wákàtí 2 sí 6 àbọ̀, nígbà tí Switch tí wọ́n tún ṣe ní 2019 ń lo wákàtí 4 àbọ̀ sí 9. Mi ò sọ pé kì í ṣe agbélé-gbóde mọ́. Ó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí ló ní. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ti ń tẹ̀ sápá kan, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ṣe é mọ̀ pé a rí i.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo pe àbúrò mi lórí fídíò. Mo gbé fóònù dúró síbi tó ti lè rí tẹlifíṣọ̀n mi àti àpótí ike tó wà nídìí rẹ̀. Inú Breath of the Wild ni mo wà. Mo gun ilé ìṣọ́ gíga kan títí dé orí rẹ̀, mo fò, mo ṣí aṣọ tí Link, akọni inú géèmù náà, fi ń léfòó lójú ọ̀run, ó sì ń bá atẹ́gùn lọ lókè igbó. Mo dìde, mo rìn lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n, mo fa ẹ̀rọ yọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Mo yí skíríìnì tó wà lọ́wọ́ mi sí ojú fóònù. Link ṣì ń fò, igbó ṣì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ṣì jìn sí i.

Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbẹ̀ kí n tún rí i."